Èmi Ni Mo Fá Irùngbọ̀n Ẹ̀jẹ́ Ọkọ Mi

Èmi ni mo fá a. Mo fẹ́ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, kí n má baà tún yí i po bí mo ṣe ti ń yí i po látọjọ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ má béèrè orúkọ mi. Odigbo ni mò ń gbé, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí à ń pè ní púpurú ni mò ń ṣe, Ore ni mo ti ń tà á. Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ mí.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù yìí. Inú ń bí mi sí ara mi, inú ń bí mi sí ọkọ mi, inú sì ń bí mi sí gbogbo ẹni tó máa kà á tán tó máa ní kí n lọ máa gbàdúrà. Mo ti gbàdúrà. Irọ́ tí mo fi ẹnu ara mi pa ni, Ọlọ́run ò ní bá mi sọ ọ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí ni pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹbí ọkọ mi fẹ́ ta ilẹ̀ tí wọ́n sin ìyá ọkọ mi sí. Ọkọ mi ò ní í sọ̀rọ̀. Èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá ọkọ mi fi oko kòkó kan sílẹ̀ lọ́nà Ajue. Àwọn ọmọkùnrin méjì ló fi í sílẹ̀ fún. Ọkọ mi ni àgbà. Èkejì ni Wọlé, ọbàkan rẹ̀, tó ń ta táyà mọ́tò ní Ore. Wọlé ò mọ bí wọ́n ṣe ń já kòkó, jíjẹ ẹ̀ ló mọ̀. Ó lọ wá àwọn kan tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà kí wọ́n lè hú kòkó kúrò, kí wọ́n gbin ọ̀pẹ sí i. Ọkọ mi ní kò sí ohun tó jọ ọ́, pé ọwọ́ bàbá òun ló gbin igi wọ̀nyẹn.

Wọ́n ṣe ìpàdé ẹbí sí ilé wa. Wọ́n pariwo títí. Ni ọkọ mi bá dìde, ó wọ yàrá lọ, ó mú abẹ tí ó fi ń fárùngbọ̀n jáde. Kì í ṣe bíléèdì wẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń lò tí wọ́n ń sọ nù o. Abẹ irin ni, bàbá rẹ̀ ló lò ó kó tó kàn án. Ó ní èèkù tó wúwo. Bíléèdì olójú kan ni wọ́n ń ki bọ orí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń gé, èyí tí ọwọ́ rẹ ò bá mọ̀ yóò gé ọ lára. Àràárọ̀ ni ọkọ mi fi ń fá àgbọ̀n rẹ̀. Látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí irun lójú rẹ̀ rí.

Ó gbé abẹ náà lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Ó ní, “Abẹ ò ní kan àgbọ̀n mi mọ́, àfi tí Wọlé bá jáwọ́ nínú ilẹ̀ yìí. Ìyá Dúpẹ́ ni yóò máa bá mi tọ́jú ẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo fi fárùngbọ̀n, ẹ mọ̀ pé mo ti yọ̀ǹda. Ẹ má tún bi mí léèrè mọ́.”

Kò bi mí kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, gbogbo ẹbí ń wò mí, mo sì di olùṣọ́ ohun tí wọn ò fi lọ̀ mí.

Irùngbọ̀n náà hù. Ó dé àyà. Ó di ohun tí gbogbo Odigbo ń wò kí wọ́n tó kí i. Bí mo bá gbé púpurú jáde, àwọn àgbà á ní, “Ìyá Dúpẹ́, ṣé abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?” Màá ní, “Ó wà níbẹ̀, sà.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ilẹ̀ ṣì wà nìyẹn. Wọn ò tún kí mi nípa ọmọ, wọn ò bi mí nípa ọjà. Àgbọ̀n ọkọ mi ni wọ́n ń bá mi sọ.

Àwọn tí ń bá wa ṣiṣẹ́ oko náà ń wò ó. Ọkùnrin Ìgbìrà kan wà tó ń jẹ́ Onímísì, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ wa ló ti bí àwọn ọmọ rẹ̀. Tí àwọn tí Wọlé rán bá wá wọn ilẹ̀, Onímísì á sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ojú Bàbá nílé kí wọ́n tó wá na okùn. Wọ́n á yísẹ̀ pa dà. N kò ní purọ́, ẹ̀jẹ́ náà ṣiṣẹ́. Wọlé ò rí ẹni ra ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi irùngbọ̀n dè.

Ṣùgbọ́n èmi ń kọ́? Dúpẹ́, àkọ́bí wa, ti rí ọkọ. Ọmọ dáadáa ni, ará Okitipupa. Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ wá tọrọ ọmọ. Ọkọ mi ní òun ò ní fi àgbọ̀n ìjà gba àna, kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n ní sùúrù. Wọ́n tún ránṣẹ́, ó tún ní kí wọ́n ní sùúrù. Nígbà tó yá, ìyá ọmọkùnrin náà pè mí lórí fóònù, ó bi mí bóyá ọmọ mi ni mò ń dá dúró tàbí irun ọkọ mi. Ìgbà yẹn, oyún ti wà nínú Dúpẹ́, ó sì ń sunkún sí mi létí ní gbogbo ìgbà.

Mo bẹ ọkọ mi. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fá irun yìí, ẹ fi ẹnu jà, ẹ gba kóòtù lọ. Ẹ má fi ọmọ mi ṣe ẹrù ìjà.” Ó wò mí, ó ní, “Ìwọ lò ń ṣọ́ abẹ. Ìwọ kọ́ lo ni àgbọ̀n.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju iná lọ. Ta ló ń fi omi gbígbóná fọ irùngbọ̀n náà tí ọ̀rá ọbẹ̀ bá dì sí i? Ta ló ń yọ ìdọ̀tí oko kúrò nínú rẹ̀? Mo gbé e mì. Mo ní ó dáa.

Ibà wá kọlù ú nígbà òjò. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wá gún un lábẹ́rẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní yóò sùn. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń fún ẹ̀gẹ́ tí mo rẹ sínú omi, èyí tí mo fẹ́ fi ṣe púpurú. Mo gbọ́ tó ń kérora. Mo sáré wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tútù. Ó ti bì. Ẹ̀kọ tí mo fún un mu kún gbogbo irùngbọ̀n náà, ó ti ń rùn, eṣinṣin sì ti dé.

Mo mú akisà, mo ń nù ún. Bí mo ṣe ń nù ún ni fóònù mi ń dún. Dúpẹ́ ni. Mi ò gbé e. Mo wo fóònù, mo wo irun tó kún fún èébì yẹn, nǹkan kan já nínú mi. Mo lọ síbi àpótí aṣọ mi, mo mú abẹ àti sísọ́ọ̀sì jáde.

Ẹ má jẹ́ kí n fi ìkà mi pamọ́ sábẹ́ ìbínú. Tó bá jẹ́ ìbínú nìkan ni, mo lè dúró lẹ́yìn tí mo ti fi sísọ́ọ̀sì gé e. N kò dúró. Mo po ọṣẹ, mo fi bíléèdì tuntun sí orí abẹ, mo di àgbọ̀n rẹ̀ mú, mo sì fá a bọ̀rọ́. Mo ti ń wo bó ṣe ń fá a láti ìgbà ìyàwó, mo mọ bó ṣe ń dẹ èèkù abẹ náà sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gé e lára, lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Kò jí. Ó kàn ń sọ nǹkan kan lẹ́nu.

Nígbà tí mo parí, ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù yẹn ló kọ́ mi ní ohun tó kàn. Mo gbé abọ́ tí irun wà nínú rẹ̀ síwájú ibùsùn rẹ̀. Mo ki abẹ bọ ọwọ́ rẹ̀, mo pa ìka rẹ̀ dé mọ́ ọn. Mo sì pa dà sídìí ẹ̀gẹ́ mi.

Ó jí kí oòrùn tó wọ̀. Ó pè mí. Ó ń fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀ bí ẹni tó ṣìlé wọ̀. Ó ní, “Ta ló gba abẹ lọ́wọ́ rẹ?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni. Ẹ ní kí n gbé e wá. Mo bẹ̀ yín pé ẹ má ṣe é, ẹ jágbe mọ́ mi. Ẹ sì fá a fúnra yín.”

Mo rò pé yóò gbá mi létí, mo sì fẹ́ kó gbá mi létí, torí màá jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ló ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun rántí ọwọ́ kan lágbọ̀n òun. Ó ní ọwọ́ náà tutù, ó rọra di òun mú bí ẹni di ọmọdé mú. Ó wá sọ ọ́ ní èdè wa, ó ní, “Ọghọ́ iye mi ni.” Ọwọ́ ìyá òun ni. Ó ní ìyá òun tó ti kú ló wá mú òun lọ́wọ́ pé kí òun fi ìjà sílẹ̀.

Ọwọ́ tèmi ni, ẹ̀yin èèyàn. Omi ẹ̀gẹ́ ló jẹ́ kó tutù.

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Lóòótọ́ ni, mo la ẹnu. Bí Wọlé ṣe wọlé nìyẹn, ó ní òun gbọ́ pé ara ẹ̀gbọ́n òun ò yá. Ó rí àgbọ̀n. Ó rí abẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, ó ń sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá yín sí.” Ọkọ mi wò ó. Ó wá ní, “Mo sọ fún yín pé kí ẹ má tún bi mí léèrè.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Odigbo ti gbọ́.

Mo bi í lẹ́yìn ìgbà náà pé ṣé kò lè sọ fún wọn pé ibà ló ń ṣe òun. Ó ní rárá. Ó ní ọkùnrin tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú ẹbí, tó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u, kò gbọ́dọ̀ wá máa pe ibà lẹ́jọ́. Ẹ ò rí ayé mi. Ó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tí kò sọ.

Wọ́n ta oko náà. Wọ́n gbé katakata wá, wọ́n wó kòkó bàbá rẹ̀ lulẹ̀ pẹ̀lú èso lórí. Onímísì kó ẹrù rẹ̀ jáde, ọ̀kadà ló ń gùn ní Ore báyìí. Ó gbé mi lọ́jọ́ kan láti gáréèjì. Ó ní, “Mama, Bàbá ló sọ fún mi pé kí n gbin kòkó tuntun sí apá ibi odò, pé irùngbọ̀n òun ò ní lọ síbì kankan.” Kò bínú. Ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó débi tí mò ń lọ.

Àna wa wá. Dúpẹ́ lọ sílé ọkọ, ó bímọ ọkùnrin. Mo jó lọ́jọ́ náà. Ẹ bú mi, mo jó.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ sọ ọkọ mi di ìwàásù. Ó ń pè é jáde kó wá sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe fọwọ́ kan án lójú àlá tó fi dárí ji àbúrò rẹ̀. Ọkọ mi á fi àpá abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Àpá tí mo dá sí i lára! Wọ́n á yíjú sí mi, wọ́n á ní ìyàwó ẹni àlàáfíà rèé. Màá máa rẹ́rìn-ín.

Ohun tó burú jù kì í ṣe ilẹ̀. Ọkọ mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu ara rẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí ẹjọ́ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá bi í lérò báyìí, yóò ní kí wọ́n bi ẹlòmíràn. Kì í ṣèlérí fún ọmọ ọmọ rẹ̀ pàápàá. Nígbà míràn, yóò jókòó, yóò ní, “Ìyá Dúpẹ́, kí ni mo sọ gan-an lọ́jọ́ yẹn?” Mo gbọ́dọ̀ tún un sọ. Mo ti sọ ọ́ títí mo fi ń fi kún un. Mo ti fi ọ̀rọ̀ tí kò sí níbẹ̀ rárá sí i lẹ́nu, ó sì ń mi orí bí ẹni tó rántí.

Wọlé tún ti dé. Ó ní kí wọ́n ta ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé tí igi obì wà, níbi tí sàréè ìyá ọkọ mi wà. Ìyá ọkọ mi o, kì í ṣe ìyá tirẹ̀. Mo ní kí ọkọ mi dìde. Ó ní ìyá òun fúnra rẹ̀ ló wá ní kí òun má jà mọ́, ta ni òun tí òun yóò tún jà nítorí sàréè rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe yí? Ọwọ́ tí mo fi ṣe ìkà ni wọ́n fẹ́ fi lé òkú kúrò nílé.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan ní Ore, mo ṣe bíi pé ẹlòmíràn ló ṣe é. Ó ní kí obìnrin náà gbé e sin, pé ọ̀rọ̀ tó ti parí ni. Mo fẹ́ kọlù ú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ò lọ síbì kankan. Èmi àti òun la jọ ń sùn.

Èyí tó mú mi tẹ ìwé yìí ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ọwọ́ ọkọ mi ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pè mí láti ìdí ẹ̀gẹ́. Ó na abẹ sí mi, ó ní, “Wá bá mi fá a.”

Kò ní kí n fá a rí. Mo nu ọwọ́ mi sára ìró, mo gba abẹ. Ó fi orí ti àga, ó di ojú. Mo po ọṣẹ. Mo di àgbọ̀n rẹ̀ mú kí n lè yí i sí ìmọ́lẹ̀.

Ó la ojú. Ó ní, “Ọghọ́ iye mi.”

Kò pariwo. Bó ṣe sọ ọ́ lórí ibùsùn ló tún ṣe sọ ọ́. Ó wá gbé ojú wálẹ̀, ó ń wo ọwọ́ mi. Kò wo ojú mi rárá. Ó wo ìka, ó wo èékánná tí omi ẹ̀gẹ́ ti sọ di funfun, ó wò ó pẹ́. Ó tún di ojú, ó ní, “Fá a lọ.”

Mo fá a. Nígbà tí mo débi àpá abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, mi ò rí iwájú mọ́ fún omijé. Nígbà tí mo parí, mo nu abẹ, mo nà án sí i. Kò gbà á. Ó ní, “Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ.”

Láti ọjọ́ náà, kò tíì béèrè abẹ náà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń kí mi kú iṣẹ́. Irun ti ń hù lágbọ̀n rẹ̀, ó funfun. Lánàá, Wọlé kọjá níwájú ilé, ó rí i, kò wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kò mọ̀. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè dìde níwájú ẹbí kó ní ìyàwó òun ló purọ́, torí kò ní ẹ̀rí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ti jẹ́rìí sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi nìkan ni mo lè sọ ọ́. Tí mo bá sì sọ ọ́, ẹbí rẹ̀ á lé mi jáde, àwọn àna Dúpẹ́ á mọ irú ọwọ́ tí mo fi gba owó orí ọmọ mi, Onímísì á mọ ẹni tó wó kòkó rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi sí ọkùnrin yìí. Òun ló gbé abẹ lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kínní láìbi mí, ó tún ti gbé e lé mi lọ́wọ́ báyìí láìbi mí.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó pé. Ṣé kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún un nínú yàrá ni, àbí kí n mú abẹ náà dání, kí n jáde sí ìpàdé ẹbí, kí n sọ ọ́ níbi tó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ó jókòó níta báyìí, ó ń fọwọ́ ra irun tuntun yẹn, kò sì tíì pè mí.